Bí wọ́n bá ní kí ẹ dín integration time kù, ẹ bi wọ́n pé èwo

Ẹ jẹ́ ká mú èèyàn mẹ́ta. Ọ̀kan ń kọ́ kẹ́mísìrì ní Zaria, kọ̀ǹpútà ló fi ń wo bí mólíkù ṣe ń rìn. Ọ̀kan wà ní láàbù omi ní Gwagwalada, ó ń fi ẹ̀rọ onímọ́lẹ̀ wọn irin tó wà nínú omi borehole. Ẹ̀kẹta ń bójú tó tánkì omi gbígbóná ní ilé iṣẹ́ kan ní Kaduna. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń rí ọ̀rọ̀ kan náà lójú ẹ̀rọ wọn: integration time. Iṣẹ́ dojú rú, ẹnì kan ní, "Ẹ dín in kù." Ti Zaria dín in kù, iṣẹ́ rẹ̀ tọ́. Ti Gwagwalada dín in kù, òǹkà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ti Kaduna dín in kù, omi tánkì gbóná kọjá ààlà, ó tutù jù, ó tún gbóná.

Ìmọ̀ràn kan, àbájáde mẹ́ta. Orúkọ nìkan ló pa wọ́n pọ̀. Aago ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ẹni tí kò bá mọ èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìmọ̀ràn tó dáa gan-an lè ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́.

## Kí ni ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí gan-an?

Nínú ìṣirò, integration kò ju ìkójọ lọ: kí á máa ṣa nǹkan kéékèèké jọ títí wọn yóò fi di odidi. Ẹ wo alájọ tó ń gba ₦500 lójoojúmọ́ lọ́wọ́ ìyá aláta ní ọjà Wuse. Tó bá fi máa di ọgbọ̀n ọjọ́, ₦15,000 ti wà nílẹ̀. Ìkójọ nìyẹn.

Àmọ́ tí a bá bèèrè pé kí ni àkókò ìkójọ yìí, alájọ lè ní ọjọ́ kan ni, torí ojoojúmọ́ ló ń yà. Ìyá aláta lè ní ọgbọ̀n ọjọ́ ni, torí ìgbà yẹn ni owó rẹ̀ ń bọ́ sí i lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó purọ́ nínú wọn. Ká wá ní ọjọ́ pé, alájọ ò sanwó. Ìyá aláta á kọ́kọ́ bèèrè jẹ́ẹ́. Bí gbèsè ṣe ń pẹ́ nílẹ̀ ni ohùn rẹ̀ á máa lé sí i. Iye ọjọ́ tí ohùn náà fi máa di ìlọ́po méjì ti ọjọ́ àkọ́kọ́, àkókò kẹta nìyẹn. Sùúrù ni a lè pè é.

Ti kọ̀ǹpútà Zaria ni àárín yíyà kan sí èkejì. Ti ẹ̀rọ ìwọ̀n Gwagwalada ni ọgbọ̀n ọjọ́. Ti ẹ̀rọ adarí, tó ń darí hítà tánkì Kaduna, ni sùúrù.

## Nínú kọ̀ǹpútà, ìṣísẹ̀ kan gùn tó báwo?

Mólíkù omi ní átọ́mù mẹ́ta: ọ́síjìn kan, háídírójìn méjì. Wọn kì í dúró jẹ́ẹ́. Ìdè tó so wọ́n pọ̀ ń nà, ó ń súnkì, bíi sípíríìngì. Kọ̀ǹpútà kò lè bá wọn rìn láìdúró. Ìṣísẹ̀ ìṣísẹ̀ ló ń gbà. Ó wo ibi tí átọ́mù kọ̀ọ̀kan wà, ó ṣírò bí àwọn yòókù ṣe ń fà á tàbí tì í, ó sún un síwájú díẹ̀, ó tún wò. Àárín wíwò kan sí èkejì ni integration time tiwọn; ọ̀pọ̀ ń pè é ní time step.

Láàárín wíwò méjì, ojú kọ̀ǹpútà dí. Ẹ fojú inú wo awakọ̀ tó ń ti Kubwa bọ̀ ní Berger, tó ń di ojú, tó ń là á lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bó bá ń là á ní gbogbo ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá, ó ṣeé ṣe kó dé. Bó bá ń dì í fún ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún, ibi tí ọ̀nà bá ti yà ni mọ́tò á ti gba inú igbó lọ.

Ọ̀nà ti átọ́mù máa ń yà kíákíá ju ti mọ́tò lọ fíìfíì. Ẹ pín ìṣẹ́jú-àáyá kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, kí ẹ mú ẹyọ kan. Ẹ tún pín ẹyọ yẹn sí mílíọ̀nù kan, kí ẹ mú ẹyọ kan. Ẹ wá pín èyí sí ẹgbẹ̀rún kan. Femtosecond kan nìyẹn, 1 fs. Ìdè ọ́síjìn àti háídírójìn ń lọ, ó ń bọ̀, láàárín nǹkan bí 10 fs péré, nítorí háídírójìn fúyẹ́. Tí ìṣísẹ̀ bá jẹ́ 1 fs, kọ̀ǹpútà á rí i ní nǹkan bí ìgbà mẹ́wàá nínú ìlọ-bọ̀ kan. Tó bá jẹ́ 5 fs, ìgbà méjì péré. Kí ojú tó là, háídírójìn ti kọjá ibi tó yẹ kó ti yí padà, ìdè ti nà jù, ó wá fi agbára ńlá fà á padà. Ní ìṣísẹ̀ kejì, ó kọjá jù bẹ́ẹ̀ lọ ní òdìkejì. Kò ní pẹ́ tí àwọn átọ́mù á fi máa ta pàù pàù bíi gúgúrú, tí iṣẹ́ á sì dúró.

Ààlà náà ṣeé ṣírò. Nínú ọ̀nà ìṣísẹ̀ tí èyí tó pọ̀ jù ń lò títí dòní, tí onímọ̀ físíìsì Loup Verlet lò ní 1967, ẹ pín àkókò ìlọ-bọ̀ tó yára jù sí 3.14: fún 10 fs, nǹkan bí 3 fs ni. Ẹni tó mọ iṣẹ́ kì í sún mọ́ ibẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́wàá ìlọ-bọ̀ náà ni wọ́n ń lò, ìyẹn 1 fs. Tí wọ́n bá fẹ́ 2 fs, wọ́n á kọ́kọ́ de gbogbo ìdè háídírójìn kí gígùn rẹ̀ má yí padà mọ́. SHAKE, tó jáde ní 1977, ni ọ̀nà tó gbajúmọ̀ fún un. Tí wọ́n bá fẹ́ 4 fs, wọ́n á tún bu díẹ̀ nínú ìwúwo átọ́mù ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ háídírójìn fún háídírójìn náà, kó lè rọra máa mì. Àpapọ̀ ìwúwo kò yí padà.

Ìdí tí wọ́n fi ń làkàkà tó báyìí fún 1 fs ni pé ọ̀nà jìn. Nanosecond kan péré, ìyẹn mílíọ̀nù kan femtosecond, ní 2 fs, jẹ́ ìṣísẹ̀ 500,000. Microsecond kan, ẹgbẹ̀rún nanosecond, jẹ́ 500 mílíọ̀nù. Nígbà tí Martin Karplus àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ kọ́kọ́ ṣe irú èyí fún purotéènì ní 1977, gbogbo ìrìn náà kò pé ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún nanosecond kan. Ní 2013, ó wà lára àwọn mẹ́ta tó gba ẹ̀bùn Nobel ti kẹ́mísìrì.

Àṣìṣe tó ń fi ìyà jẹ akẹ́kọ̀ọ́ jù kò sí nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì rárá, inú ẹyọ ìwọ̀n ló wà. GROMACS, NAMD àti LAMMPS ni ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ yìí. Nínú GROMACS, picosecond, ìyẹn ẹgbẹ̀rún femtosecond, ni wọ́n ń kọ, nítorí náà 2 fs ni 0.002. Nínú NAMD, femtosecond ni, 2 ni ẹ ó kọ. Nínú LAMMPS, ó kù sọ́wọ́ irú ẹyọ tí ẹ yàn lókè fáìlì. Ẹni tó bá gbé "2" ti NAMD sínú GROMACS ti bèèrè ìṣísẹ̀ tó gùn ní ìlọ́po ẹgbẹ̀rún kan.

Láti mọ̀ bóyá ìṣísẹ̀ yín ti gùn jù, ẹ pa ohun tó ń darí ìgbóná nínú ètò náà, kí ẹ sáré díẹ̀ ní 1 fs àti ní 2 fs láti ibì kan náà, kí ẹ wo àpapọ̀ agbára. Kó máa mì díẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún kò burú. Tó bá ń gòkè láìsinmi, ó ti gùn jù. Tó bá sì bú ní ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́ gan-an, ẹ má tíì fẹ̀sùn kan àkókò. Ó ṣeé ṣe kí átọ́mù méjì ti gun ara wọn lórí láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ tún ìjókòó wọn ṣe. Fún ẹni tí iná ń lọ lórí rẹ̀: GROMACS ń fi ibi tó dé pamọ́ ní ìṣẹ́jú 15, 15 láìjẹ́ pé ẹ ní kó ṣe é. Ẹ fi àṣẹ -cpi bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, ẹ má padà sí òdo.

## Nínú ẹ̀rọ ìwọ̀n, korobá á pẹ́ tó lábẹ́ òjò?

Ibí yìí ni nǹkan ti yí padà bìrí. Ojú ẹ̀rọ onímọ́lẹ̀ kún fún kòtò kéékèèké tí ìmọ́lẹ̀ ń sọ ẹlẹ́kítírónì sí. Lẹ́yìn àkókò kan, ẹ̀rọ á ka ohun tó wà nínú kòtò kọ̀ọ̀kan, á dà á nù, á tún bẹ̀rẹ̀. Àkókò tí kòtò fi ń gba ìmọ́lẹ̀ kí wọ́n tó kà á ni integration time. Korobá tí ẹ gbé sábẹ́ òjò ni.

Tí ẹ bá tètè gbé e kúrò, ìkán díẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, òǹkà á sì máa fò sókè sódò. Ìmọ́lẹ̀ pẹ̀lú, bí ìkán òjò ló ń wọlé, kì í wọlé lọ́gbọọgba. Tí ẹlẹ́kítírónì 10,000 bá wọlé, ariwo inú rẹ̀ tó 100, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ sọ àkókò di ìlọ́po mẹ́rin: 40,000 wọlé, ariwo di 200, ìdajì ìdá kan. Ìlọ́po mẹ́rin àkókò ló ra ìmọ́tótó ìlọ́po méjì. Ọjà tó wọ́n ni, ó dáa kéèyàn mọ̀ kó tó máa dúró de ẹ̀rọ.

Korobá sì lè kún. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kò lè kà ju 65,535 lọ. Tó bá dé ibẹ̀, orí àwòrán á tẹ́ pẹrẹsẹ, ohun tó tẹ́ pẹrẹsẹ kò sì sọ nǹkan kan fún yín. Omi ìfiwéra, tí kò ní irin, ni kí ẹ fi yan àkókò, torí òun ló ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kọjá jù. Ẹ sún un títí ibi tó mọ́lẹ̀ jù lọ á fi wà ní nǹkan bí 52,000, kí àyè kù díẹ̀. Tí òǹkà bá ṣì ń gbọ̀n, ẹ má fi kún àkókò mọ́. Ẹ wọ̀n ọ́n ní ìgbà 20, kí ẹ mú ìpíndọ́gba rẹ̀.

Ẹ wá wo ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Irin inú omi, tí a bá po kẹ́míkà phenanthroline mọ́ ọn bó ṣe yẹ, máa ń pọ́n bí ọsàn, ìmọ́lẹ̀ tí ìgbì rẹ̀ gùn ní 510 nm ni a sì fi ń wò ó. Ká ní ẹ wọn omi ìfiwéra ní 10 ms (ms kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá), ẹ rí 30,000. Ẹ gbé omi borehole sí i, ó ṣú díẹ̀, ẹ ní kí ó lè hàn, ẹ sún àkókò sí 20 ms. Ẹ rí 30,000. Ẹ̀rọ á kọ ọ́ síbẹ̀ pé absorbance, ìyẹn ìwọ̀n bí omi ṣe gbé ìmọ́lẹ̀ mì tó, jẹ́ 0. Kò sí irin nínú omi yìí. Àṣìṣe ńlá ni. Ká ní ẹ fi í sílẹ̀ ní 10 ms, 15,000 lẹ máa rí, absorbance á sì jẹ́ 0.30. Nínú ìgò tó fẹ̀ ní 1 cm, 0.30 yẹn tó nǹkan bí 1.5 mg irin nínú lítà kan. 0.3 mg ni ìlànà omi mímu Nàìjíríà fi ṣe ààlà. Omi tó fi ìlọ́po márùn-ún kọjá ààlà ni wọ́n fẹ́ kọ "kò sí irin" sí lára, nítorí bọ́tìnì kan tí wọ́n tẹ̀ láàárín ìwọ̀n méjì.

Nítorí náà, tí ẹ bá ti yí àkókò padà, ẹ tún omi ìfiwéra wọ̀n. Ẹ sì tún òkùnkùn wọ̀n, ìyẹn òǹkà tí ẹ̀rọ ń kà nígbà tí ẹ bo ìmọ́lẹ̀ pátápátá. Ooru nìkan ń sọ ẹlẹ́kítírónì sínú kòtò, bí korobá bá sì ṣe pẹ́ tó nílẹ̀ ni ti ooru ṣe ń pọ̀ tó. Nínú ojú ẹ̀rọ tí wọ́n fi sílíkọ́nì ṣe, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì ní gbogbo 6 sí 8 °C. Ẹni tó wọn òkùnkùn láàárọ̀ nígbà tí amúlétutù ń ṣiṣẹ́, tó wá wọn omi lọ́sàn-án oṣù kẹta ní Abuja lẹ́yìn tí iná lọ, òkùnkùn àárọ̀ kò bá tọ̀sán mu mọ́.

## Kí ló dé tí 20 ms fi ń jáde níbi gbogbo?

Iná wa ń lọ, ó ń bọ̀, ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìlọ-bọ̀ kan jẹ́ 20 ms. Wáyà tó gbé ìsọfúnni kékeré wá láti ara ẹ̀rọ pH máa ń gba ìró iná yìí mọ́ra. Tí ẹ bá ṣa ìsọfúnni náà jọ fún 20 ms gẹ́lẹ́, apá tó lọ sókè àti apá tó lọ sódò á pa ara wọn rẹ́. Tí ẹ bá ṣà á fún 13 ms, apá kan á ṣẹ́ kù, òǹkà á sì máa jó. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí iná ti jẹ́ 60, nǹkan bí 16.7 ms ni tiwọn. Ẹ̀rọ tí wọ́n tò fún Amẹ́ríkà tó dé síbí láìtún un tò á máa gbọ̀n láìnídìí tó hàn sójú. 100 ms bá méjèèjì mu.

Jẹnẹrétọ̀ ni kì í tẹ̀ lé ìlànà. Tó bá sáré dé 52, ìlọ-bọ̀ rẹ̀ di 19.2 ms, 20 ms kò sì pa á rẹ́ tán. Tí ẹ bá ń lo jẹnẹrétọ̀, ẹ sún àkókò sí 200 ms tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ohun tó ṣẹ́ kù lè kéré lára àpapọ̀.

## Nínú ẹ̀rọ adarí, sùúrù mélòó?

A fẹ́ kí omi tánkì wà ní 60 °C. Ká ní ẹ̀rọ adarí kàn ń wo àlàfo tó wà nísinsìnyí láàárín ìgbóná omi àti 60, tó ń fi 2% agbára hítà fún dígírì kọ̀ọ̀kan tó kù. Tánkì náà ń pàdánù ooru, ó sì nílò 10% kó tó lè dúró sójú kan. Ibo ló máa dúró sí? 55. Ibẹ̀ ni àlàfo ti jẹ́ 5, tí 5 lọ́nà 2% sì jẹ́ 10%. Kò ní dé 60 láéláé, torí tó bá dé 60, àlàfo di òdo, hítà kú.

Apá ìkójọ ló ń wo èyí sàn. Ó ń kọ àlàfo sílẹ̀ bí ìyá aláta ṣe ń ka ọjọ́ gbèsè, ó sì ń fi kún agbára títí àlàfo á fi tán. Integration time tirẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ń pè ní Ti tàbí reset, ni àkókò tí apá ìkójọ fi ń fi kún agbára ní ìwọ̀n tí ìdáhùn àkọ́kọ́, ìyẹn 2% fún dígírì kọ̀ọ̀kan, fún un. Pẹ̀lú àlàfo 5, ìdáhùn àkọ́kọ́ jẹ́ 10%. Tí Ti bá jẹ́ ìṣẹ́jú 2, tí àlàfo kò sì yí padà, 10% mìíràn á wọlé lẹ́yìn ìṣẹ́jú 2, 10% sí i lẹ́yìn ìṣẹ́jú 4. Tí ẹ bá dín Ti kù sí ìṣẹ́jú-àáyá 20, 10% á máa wọlé ní ìṣẹ́jú-àáyá 20, 20, kí ooru tí ẹ kọ́kọ́ fi sí i tó dé ara sẹ́ńsọ̀. Nọ́ńbà kékeré, sùúrù kékeré, agbára ńlá. Ìdí nìyẹn tí tánkì Kaduna fi ń mì.

Ẹ̀rọ kan ń kọ Ti ní ìṣẹ́jú, òmíràn ní ìṣẹ́jú-àáyá. "2" tí wọ́n kọ láti ara èkíní sí èkejì ti di alágbára ní ìlọ́po 60. Àwọn kan tún ń yí i padà pátá, wọ́n ń kọ iye ìgbà láàárín ìṣẹ́jú kan: níbẹ̀, ìṣẹ́jú 2 ni 0.5, kí ẹ dín nọ́ńbà kù sì túmọ̀ sí kí ẹ fi kún sùúrù. Ẹ ka ìwé ẹ̀rọ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Ibo lèèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀? Láti 1942 ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ méjì, Ziegler àti Nichols, ti fún wa ní ọ̀nà kan. Ẹ pa apá ìkójọ, ẹ máa fi kún agbára ìdáhùn, ìyẹn iye % fún dígírì kọ̀ọ̀kan, títí omi á fi máa gbóná, tó ń tutù, lọ́gbọọgba. Ẹ ka àkókò ìlọ-bọ̀ kan, ẹ pín in sí 1.2, Ti nìyẹn. Kí ẹ sì dín agbára ìdáhùn sí 45% ohun tó wà. Ìlọ-bọ̀ 60 ìṣẹ́jú-àáyá fún wa ní Ti 50. Ọ̀nà náà le díẹ̀ fún tánkì, èmi á fi kún Ti ju bẹ́ẹ̀ lọ.

## Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí iná bá lọ?

Èyí ṣe pàtàkì níbí ju ibòmíràn lọ. Omi wà ní 30, a ń fẹ́ 60, iná ìjọba lọ. Hítà kú. Àmọ́ ẹ̀rọ adarí wà lórí inverter, ojú rẹ̀ ṣì là. Àlàfo jẹ́ 30, ìdáhùn àkọ́kọ́ 60%. Ní ìṣẹ́jú 2, 2, ó ń kọ 60% mìíràn sílẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí kan, 1,800% ti wà nínú ìwé rẹ̀, bẹ́ẹ̀ hítà kò lè ṣe ju 100% lọ.

Iná dé. Omi gbóná, ó dé 60. Àlàfo di òdo, ṣùgbọ́n ìwé gbèsè kò tíì tán, hítà ṣì wà ní 100%. Ohun kan ṣoṣo tó lè pa gbèsè náà rẹ́ ni kí omi kọjá 60 kó sì pẹ́ níbẹ̀. Ká tiẹ̀ ní ó wà ní 70, 20% ló ń yọ kúrò ní ìṣẹ́jú 2, 2. Ó tó wákàtí mẹ́ta kí hítà tó rọlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí omi tánkì fi lè hó lẹ́yìn tí iná dé, tí gbogbo èèyàn á wá máa sọ pé hítà ti bàjẹ́. Kò sóhun tó ṣe hítà.

Ọ̀nà méjì ló wà. Èkíní, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ anti-windup sí lórí ẹ̀rọ, kí ẹ tan án: ó ń dá ìkójọ dúró nígbà tí agbára bá ti dé 100%. Èyí nìkan kò tó tí agbára tó ń béèrè kò bá tíì dé 100% nígbà tí iná lọ. Nítorí náà èkejì: ẹ fa wáyà kan láti ibi iná hítà wá sára ẹ̀rọ adarí, kó lè mọ̀ pé iná ti lọ, kó bọ́ sí manual, ipò tí kì í ti darí ara rẹ̀, kó dá kíkọ gbèsè dúró. Yàtọ̀ sí méjèèjì, ẹ fi ohun tó ń gé iná hítà fúnra rẹ̀ sí tánkì, tí kò gbára lé ẹ̀rọ adarí rárá.

## Níbo ni aago méjì ti ń pàdé?

Ní ibi tí wọ́n ti ń fi kilorín sí omi. Ẹ̀rọ ìwọ̀n ń ka kilorín, ẹ̀rọ adarí ń fi ohun tó kà ṣí páǹpù kilorín. Ká ní òǹkà ń gbọ̀n, wọ́n wá ní kí ẹ̀rọ ìwọ̀n máa ṣa òǹkà jọ fún ìṣẹ́jú-àáyá 60. Ó dáa lójú, ìlà náà tẹ́jú. Àmọ́ ìpíndọ́gba ìṣẹ́jú-àáyá 60, ìròyìn rẹ̀ ti pẹ́ ní nǹkan bí 30. Tí omi bá tún fi 40 rìn láti ibi páǹpù dé ibi ìwọ̀n, ó di 70 kí ẹ̀rọ adarí tó rí àbájáde ohun tó ṣe. Tí Ti bá jẹ́ 20, ó ti tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ kí ìdáhùn àkọ́kọ́ tó dé. Kilorín á pọ̀ jù, á kéré jù, á tún pọ̀ jù, lórí ìlà tó tẹ́jú dáadáa.

Ẹ kọ́kọ́ dín ti ẹ̀rọ ìwọ̀n kù sí 10, kí ìròyìn má pẹ́ ju nǹkan bí 5 lọ, kí ẹ sì fara da gbígbọ̀n díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá fi kún ti ẹ̀rọ adarí, láti 20 sí nǹkan bí 90. Ẹ má yí méjèèjì padà lọ́jọ́ kan náà, torí tí kilorín bá dúró sójú kan, ẹ ò ní mọ èyí tó mú un dúró.